Ológò Ẹnu Ọ̀nà

Aago méjì òru, Gwagwaláda.
Mo ti nu ilẹ̀ wọ́ọ̀dù tán, Ísáàlì ṣì ń rùn lọ́wọ́ mi.
Lórí bẹ́ẹ̀dì kẹta, ọkùnrin ará Bídà kan sùn,
wáyà mọ́kànlélógún so mọ́ orí rẹ̀
bí irun tí onídìrí bẹ̀rẹ̀ tí kò parí.
Ẹ̀rọ ń fa ìlà: ìlà ń gbọ̀n, ó ń ta kìjí,
lẹ́yìn náà ó rọ̀, ó fẹ̀,
bí odò Ùsúmà nígbà tí òjò ti dá.

Dókítà Ládì ní kí n wá wò ó.
Ó ní fọ́nrán iṣan ọpọlọ kan kì í fọwọ́ kan èkejì;
àlàfo wà láàárín wọn, irun orí kò lè gba ibẹ̀ kọjá.
Ẹ̀kán oògùn tí ara fúnra rẹ̀ pò
ló ń fo àlàfo náà, bí àlejò tó fo gọ́tà dé ilé onílé.
Bó bá bá ilẹ̀kùn tirẹ̀, á wọlé.
Bí kì í bá ṣe tirẹ̀, kò ní kọ́kọ́rọ́.

“Ọ̀kan wà nínú wọn,” ó wí, “tó ń kóra jọ láti ìgbà tí o ti jí.
Gbogbo ìrònú tí o rò, gbogbo àtẹ̀gùn tí o gùn,
ó fi eérú díẹ̀ sílẹ̀.
Eérú yẹn ló ń ní kí o lọ sùn.”
Ó pè é ní adẹnosíìnì. Ahọ́n mi kọ̀ ọ́.
Ní Ògbómọ̀ṣọ́, bàbá bàbá mi máa ń sọ ti ológò:
bí o bá jẹ gbèsè tí o kò san,
olówó á rán an wá, á tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà rẹ,
á jẹ oúnjẹ rẹ, á bú ọ,
kò ní dìde.
Ológò ni mo sọ ọ́.

Àlàmú ọkọ mi ní òun mọ bí wọ́n ṣe ń lé e.
Táńkà ló ń wà, Súlèjà sí Kàdúná,
gbànja méje nínú àpò ṣòkòtò, ọ̀dọ̀ Tanímù ní Súbà ló ti rà á.
Ó gé e jẹ, ó korò, ojú là kedere.
Ó ní, “Oorun ti lọ.”

Mo sọ fún Dókítà. Ó mi orí.
Ó ní gbànja kò san kọ́bọ̀ nínú gbèsè.
Àga ológò ló gbà, ó jókòó sí i.
Ológò wà níta, ó dúró;
èkejì dé bá a, ẹ̀kẹta dé,
wọ́n ń fi ìka ka owó èlé.
Ìgbà tí gbànja bá dìde lórí àga,
gbogbo wọn á ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

“Ní kọ́nà wo?” ni mo bi í.
Ìyẹn kò sí nínú ìwé rẹ̀.

Mo pe Àlàmú. Kò gbé e.
Ojú ará Bídà ń yí lábẹ́ ìpéǹpéjú, ó ń lá àlá,
ara rẹ̀ kú tiiri, kí ẹsẹ̀ tó ń sá lójú àlá
má baà gbé e sọ ògiri.
Dókítà ní omi kan ń fọ ọpọlọ ní irú àsìkò yìí.
Ó yé mi. Èmi náà, òru ni mo ń nu ilẹ̀,
nígbà tí ẹsẹ̀ bá dá.
Mo tún pè é. Kò gbé e.

Wọ́n ti pe ìrun àsùbáà kí fóònù tó gbọ̀n.
“Tafa ni mo wà. Mo páàkì láago kan,
mo tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀.
Ewúrẹ́ ló jí mi, ó ń jẹ gbànja lápò mi.”
Mo bú u dáadáa.
Mo wá lọ sunkún díẹ̀ ní balùwẹ̀ àwọn nọ́ọ̀sì.

Ológò tèmi náà ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti àná.
Mo bọ́ bàtà.
Mo ní kó máa bọ̀, kó wá gba owó rẹ̀.